Táyà Tí Eyín Rẹ̀ Pé

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i, èmi ni mo sì kọ́kọ́ bínú. Ọ̀sán Sátidé ni, ó ku ọjọ́ mẹ́fà ká gbéra lọ sinmi ní Durban létí òkun. Mò ń fọ mọ́tò ilé wa nínú àgbàlá, mò ń súfèé, inú mi ń dùn bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Òun lóṣòó síwájú ẹsẹ̀ mọ́tò, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà lọ́sàn-án gangan.

"Dádì wọn, ẹ wá wo nǹkan."

"Kí ni mo fẹ́ wò?"

"Nọ́ńbà yìí. Táyà yìí ti pé ọdún mọ́kànlá."

Mọ́tò ilé ni mò ń pè é torí mi ò mọ orúkọ míì tí mo lè pè é: ọkọ̀ gíga funfun kan tó ní ibùsùn, sítóófù onígáàsì, fíríìjì kékeré àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí èèyàn ò lè yí padà nínú rẹ̀. Ọwọ́ bàbá òyìnbó arúgbó kan ládùúgbò wa ní Turffontein ni mo ti rà á. Látìgbà tí ìyàwó bàbá náà ti kú ni kò ti gbé e jáde mọ́. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló wà nínú oòrùn, ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí mo rí i, ojú ẹsẹ̀ ni mo ti rí èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjèèjì àti Màmá, ìyá ìyàwó mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, tí gbogbo wa jókòó létí òkun, tí à ń jẹ ẹja. Mi ò rí nǹkan míì mọ́.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà ni mí, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi níyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ohun kan wà tó ju nọ́ńbà lọ, torí pé ọmọ fọkanáísà ni mí.

Ní Òṣogbo, lẹ́bàá títì Ìkìrun, pọ́ǹpù àti lẹ́fà ni bàbá mi fi rán àwa ọmọ márùn-ún lọ sílé ìwé. Bàbá mi ò ka ìwé kankan, àmọ́ bí èèyàn bá gbé táyà tòkunbọ̀ dé, àwọn awakọ̀ á dúró dìgbà tí bàbá mi bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Bàbá mi á ki ìka ìlábẹ̀ wọn bọ àárín àwọn ilà tó wà lójú táyà. Eyín ni wọ́n ń pe àwọn ilà yẹn. Bí eékánná wọn bá wọlé tán, wọ́n á ní, "Eyín rẹ̀ pé. Ẹ máa gbé e lọ." Ẹjọ́ parí nìyẹn.

Ohun tí mi ò rò lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ni pé lọ́dọ̀ bàbá mi, kò sí táyà tó ráyè dàgbà. Tòkunbọ̀ o, tuntun o, iṣẹ́ ló ń pa wọ́n. Kòtò àti ẹrù á ti jẹ eyín wọn tán kí ogbó tó bá wọn. Táyà tó jókòó sójú kan lọ́dúnlọ́dún láìrin ìrìn àjò kankan, bàbá mi ò rí irú ẹ̀ rí títí wọ́n fi lọ. Mo ti mọ̀yẹn báyìí. Àmọ́ ní Sátidé yẹn, ń ṣe ni mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ìka bọ ojú táyà, eékánná mi wọlé tán pátápátá.

"Eyín rẹ̀ pé," mo ní. "Wò ó, táyà yìí ò tíì ṣiṣẹ́ rárá."

"Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó ti sán."

Lóòótọ́ ni, ó ti sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yí ká, bíi gìgísẹ̀ èèyàn nígbà ọyẹ́. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo wọlé lọ mú òróró dúdú tí wọ́n fi ń kun táyà, mo fi àkísà pa á mọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níṣojú ìyàwó mi, títí ó fi ń dán tí èèyàn lè wo ojú nínú ẹ̀. Mo wá dìde, mo nawọ́ sí i.

"Ibo ló ti sán?"

Famasísì ni ìyàwó mi, ọsibítù ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló máa ń dùn mí nínú ìwà ẹ̀, kì í pariwo. "Lójoojúmọ́ ni mò ń da oògùn tó dára lójú nù," ó ní. "Kò yí àwọ̀, kò rùn. Ọjọ́ ẹ̀ ló kọjá."

"Táyà kì í ṣe àgúnmu."

"Àwọn ọmọ la fẹ́ kó sínú ẹ̀. Òkè ń bẹ lọ́nà Durban, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bẹ níbẹ̀, àwọn tírélà ń bẹ níbẹ̀. Dádì wọn, mo bẹ̀ yín. Ajá tó bá máa sọ nù..."

Kò parí òwe náà, mo sì mọ ìyókù.

"Èmi lajá?" Haba! Ohùn mi ti dé ojú títì. "Èmi lajá nínú ilé tí mò ń sanwó ẹ̀?"

Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yọjú láti ojú fèrèsé, ó béèrè lédè Òyìnbó pé ṣé táyà náà wá dàgbà ju òun lọ ni.

Màmá jáde láti ilé ìdáná, wọ́n ń fi ìborùn nu ọwọ́. Àwa méjèèjì yíjú sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó mi rojọ́ tiẹ̀, mo ro tèmi. Màmá wo mọ́tò, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wo ilẹ̀.

"Ọkọ ẹ ti ní òun mọ iṣẹ́ náà," wọ́n sọ fún ọmọ wọn. "Wọlé wá bá mi já ẹ̀fọ́."

Ẹ ò rí i, ayọ̀ tí mo yọ̀ lọ́jọ́ náà! Ìyàwó mi tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọlé, mo sì rí bó ṣe káwọ́ mọ́yà, bí ẹni tí òtútù mú. Kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Ajé, mo rọra wa mọ́tò náà lọ sí Jeppestown, ọ̀dọ̀ bàbá Súlù kan tó ń ṣe táyà nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan. Ẹlẹ́rìí ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà sọ ọ́ pé mo gbọ́n, kí n lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ délé. Bàbá náà fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà kan, ó tẹ èkejì, ó rìn yí mọ́tò ká. Ó mú àkísà, ó nu òróró dúdú tí mo kùn kúrò, ó sì wò mí lójú.

"Éèsh, bàbá," ó ní. Àwọn náà ń pe ọkùnrin tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún ní bàbá, bíi tiwa.

Ó sọ fún mi lédè Òyìnbó pé oòrùn ìlú yìí ń jẹ rọ́bà. Ó ní mọ́tò tó wúwo báyìí, tó bá ti dúró sójú kan pẹ́, inú ni táyà rẹ̀ ti ń jẹrà, kì í ṣe ojú. Ó ní kí n má gbé e lọ sí Durban. Ó ní bó bá jẹ́ tòun ni, òun ò tún ní gbé e kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí. Kí n fi í sílẹ̀, òun á bá mi wá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Mo ní màá padà wá. Ó ní, "Ṣáp," bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó dáa níbí, ó sì yí ẹ̀yìn sí mi, ó lọ mú iṣẹ́ míì.

Gbogbo iná ojú títì, tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí, tó dá mi dúró lọ́nà ilé ni mo fi bú ọkùnrin náà. Ṣíọ̀! Ó fẹ́ ta ọjà ni! Ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó ń ta táyà ò ní sọ pé táyà rẹ dára? Àmọ́ nínú mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo ti rí ojú rẹ̀. Kò bẹ̀ mí pé kí n rà á.

Ìyàwó mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni wọ́n wí?"

"Ó wò ó."

"Ó wò ó, ó wá ní kí ni?"

"Ó ní òun lè bá wa wá tuntun, bá a bá fẹ́."

Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn. Kì í ṣe irọ́ pọ́ńbélé, àmọ́ òótọ́ ò sí nínú ẹ̀. Màmá ti bu oúnjẹ sílẹ̀ dè mí, àmàlà èlùbọ́ tí wọ́n gbé wá láti ilé, pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Mo ní mo ti jẹun níta. Kì í ṣe owó ló dùn mí o. Owó táyà wà. Ohun tó dùn mí ni pé bí mo bá gbà pé eékánná ò tó wo táyà, bàbá mi ti kọ́ mi ní nǹkan tí kò tó nìyẹn, bàbá mi ò sì sí láyé mọ́ tí mo lè lọ bi léèrè. Mi ò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ìbínú ló rọrùn láti sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, nídìí oúnjẹ, ìyàwó mi ní, "Èmi àti àwọn ọmọ mi ò ní wọ mọ́tò yẹn."

Àwọn ọmọ mi! Ó gún mi lọ́kàn. Mo ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó dáa," mo ní. "Lọ́la mo wà nílé. Màá gbé e lọ sí Heidelberg lórí títì Durban, èmi nìkan. Màá fún un ní eré ọgọ́fà, ní àlọ àti ní àbọ̀. Màá lù ú dójú ikú. Bí mo bá fi padà dé láyọ̀, kí n má tún gbọ́ táyà lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí."

Ìyàwó mi wò mí, omi lé ròrò sójú ẹ̀. "Ẹ má lọ," ó ní. Màmá ń bó ọsàn fún ọmọ wa, wọn ò gbójú sókè.

Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ Ọjọ́rú, ilẹ̀kùn mọ́tò ti ṣí. Màmá ti jókòó síwájú lápá òsì, torí apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí níbí, wọ́n wé gèlè, wọ́n gbé báàgì lé itan, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, ọkọ mi. Látìgbà tí mo ti dé, inú ilé ni mo wà. Ẹ jẹ́ n tẹ̀ lé yín, kí n lọ fojú lóúnjẹ."

Ìyàwó mi sáré jáde pẹ̀lú aṣọ oorun. "Màámi, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ọkọ ẹ ló ń gbé mi lọ," Màmá ní. "Wọlé."

Èmi náà dúró bí òpó. Mo ti fẹ́ lọ, kò sí bí mo ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sọ fún àna mi pé kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ torí ewu, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Mo bá wọn de bẹ́líìtì. Nígbà tí a ń jáde ní géètì, ìyàwó mi ò wo ojú mi, ìyá rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí kí ó yé yín. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ sáré. Bí mo bá gbé Màmá sínú mọ́tò, kòtò kékeré tí mo bá kó sí, màá tọrọ àforíjì. Látọjọ́ tí wọ́n ti fún mi lọ́mọ, Màmá ò pè mí ní "o" rí. "Ẹ" ni, "ọkọ mi" ni. Èmi náà ò jókòó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn rí.

Bí a ṣe bọ́ sórí títì ńlá, mo tẹ iná. Ó dé ọgọ́rin, ó ń gun àádọ́rùn-ún.

"Ọkọ mi, òòyì ń kọ́ mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá." Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí àádọ́rin.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. Màmá wúkọ́. "Inú mi ò gba eré, ọkọ mi. Ẹ má bínú." Mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Tírélà ń fọnfèrè lẹ́yìn wa, wọ́n ń yà wá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́tò wa á sì mì tìtì bí wọ́n bá ti ń kọjá. Mò ń bínú, mò ń làágùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dán táyà wò ní àádọ́rin? Mò ń rò ó pé bó bá di àbọ̀, Màmá á ti sùn, màá wá rí i bá a ṣe ń ṣe é.

A ti ń rí Heidelberg lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ìró kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibi tí Màmá jókòó sí. Pò, pò, pò. Ìdarí ọkọ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

"Kí ló ń dún?"

"Ojú títì ni, Màmá."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú títì. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ó ṣì ń lọ sílẹ̀, ó ti tó ọgọ́ta, nígbà tí táyà iwájú lápá òsì bẹ́.

Yéè! Mi ò gbọ́ irú ariwo yẹn rí. Mọ́tò já sósì bí ẹni tí wọ́n fà lápá, imú ẹ̀ wọlẹ̀, irin ń ha ọ̀dà. Àwọn ìkòkò àti àwo tí ìyàwó mi tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù wó lulẹ̀ lẹ́yìn. Mo di ìdarí mú, mo fi gbogbo ara fà á sọ́tùn-ún, mi ò tẹ bíréèkì, mò ń pariwo "Màmá! Màmá!" Wọn ò dáhùn, kálímà ni wọ́n ń pè. Koríko, eruku, koríko. Ó dúró. Láti ibi tí táyà òsì dúró sí, kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ sí gọ́tà jíjìn kan tí wọ́n fi kọnkéré ṣe.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo sá yí mọ́tò ká, mo ṣí ilẹ̀kùn Màmá. Gèlè wọn ti ṣí. Mo fọwọ́ kan apá wọn, mo fọwọ́ kan orúnkún wọn, àna mi o, mi ò rántí ìtìjú. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn. Ojú táyà náà ti bọ́ kúrò lódindi, ó nà gbalaja sórí títì, tírélà kan ń gùn ún kọjá. Eyín rẹ̀ pé. Kò sí ọ̀kan tí títì ti jẹ nínú wọn.

Mo jókòó sórí koríko. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń wé gèlè wọn padà.

"Màmá," mo ní, "bàbá tó ń ṣe táyà ti sọ fún mi. Ọjọ́ Ajé ló ti sọ fún mi."

"Mo mọ̀. Bó o ṣe dé lọ́jọ́ yẹn, o ò lè jẹun."

Ó gbà mí létí, "o" yẹn.

"Ẹ mọ̀? Ẹ wá mọ̀, ẹ wọlé jókòó sínú ẹ̀?"

Wọ́n so gèlè tán kí wọ́n tó dáhùn. "Ọmọ mi bẹ̀ ẹ́, o ò gbọ́. Èmi ò lè dúró nínú ilé ẹ kí n máa bá ẹ jà, ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? O ní o máa sá ọgọ́fà. Mo wá rò ó pé tí mo bá jókòó tì ẹ́, o ò ní lè sáré. Ara mi nìkan ló wà lọ́wọ́ mi tí mo lè fi dá ẹ dúró. Èmi ti lo tèmi láyé. Ọmọ mi ò tíì tó opó."

Mo dojú bolẹ̀ síbẹ̀ nínú koríko, mo sunkún. Wọn ò ní kí n dákẹ́.

Fóònù mi dún. Ìyàwó mi ni. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó tẹ̀ ẹ́.

"Kò séwu," wọ́n ní. "A ti dúró. Ọkọ ẹ ló ní ká dúró. Ó ní òun ti rí i pé táyà yìí ò dáa, ká pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọgbọ́n ni ọkọ ẹ."

Mo na ọwọ́, mo gba fóònù padà lọ́wọ́ wọn.

"Irọ́ ni Màmá ń pa fún ẹ," mo ní. "Táyà ti bẹ́. Abẹ́ ibi tí wọ́n jókòó sí gan-an ló ti bẹ́. Bàbá yẹn ti kìlọ̀ fún mi ní Jeppestown, mo fi pa mọ́ fún ẹ. Màmá ò gbè sẹ́yìn mi rí. Kí n má baà sáré kú ni wọ́n ṣe wọ mọ́tò."

Mo dúró kó bú mi, mo ti gbára dì fún un.

"Ẹ fún ìyá mi ní fóònù," ó ní.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Màmá gbé e sétí. Láti ibi tí mo jókòó sí, mò ń gbọ́ ọmọ wọn tó ń sunkún, tó ń sọ ọ́ léraléra pé, "Màámi, ẹ má bínú, ẹ má bínú, mi ò mọ̀."